Ṣé Kí A Da Oògùn Náà Nù?

Nígbà tí olóòtú kọ̀wé sí wa pé kí a fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́, èrò wa ni láti kọ nípa ìsìn òwúrọ̀ àti nípa àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Àwọn mìíràn yóò kọ ìyẹn dáadáa jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń jẹ wá lọ́kàn láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, òun ni a ó sì sọ.

Ẹgbẹ́ kíláàsì wa ní ojú ìpàdé kan lórí WhatsApp, níbi tí a ti máa ń kí ara wa kú ọjọ́ ìbí, tí a sì ti máa ń kéde òkú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú wa fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ síbẹ̀ tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Ó ní àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó ń lo oògùn wèrè, wọ́n sì rí i pé oògùn náà ń jẹ ọpọlọ wọn bí ikán ṣe ń jẹ igi; nítorí náà, kí ẹni tó bá ní ènìyàn lórí oògùn bẹ́ẹ̀ tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì mú un lọ sórí òkè àdúrà. Ẹni mẹ́ta fi "Àmín" sí i. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ẹlẹgbẹ́ wa mìíràn pè wá. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti wà lórí oògùn náà láti ọdún mẹ́fà. Láyé yìí, àwọn tó bá wa jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nìkan ló kù tí wọn kì í fi "ẹ" bá wa sọ̀rọ̀ nítorí kọ́là ọrùn wa. Ó ní, "Rẹ́fẹ́, ìwọ lo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà. Sọ fún mi, ṣé kí n da oògùn yìí nù?"

A ní kó má tíì da ohunkóhun nù títí a ó fi tún sọ̀rọ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ yìí ni ìdáhùn wa, lẹ́yìn tí a ti kàwé, tí a ti bi àwọn dókítà léèrè, tí a sì ti yẹ ara wa wò. Ẹlẹgbẹ́ wa àti ọmọ rẹ̀ ti gbà kí a kọ ọ́.

Àìsàn tí à ń sọ ni èyí tí ènìyàn ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tó ń gbà pé àwọn kan ń lépa òun nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lépa rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì so mọ́ra mọ́. Wèrè ni àwọn bàbá wa ń pè é. Nítorí pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà di èébú, àìsàn ọpọlọ ni àwa yóò máa pè é.

Kí ọdún 1952 tó dé, ohun tí àwọn dókítà ní fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò ju oògùn oorun àti àwọn ìtọ́jú líle kan lọ. Ní ọdún náà ni Jean Delay àti Pierre Deniker, ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní ìlú Paris, bẹ̀rẹ̀ sí í lo chlorpromazine fún àwọn aláìsàn wọn. Largactil ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa mọ̀ ọ́n sí. Haloperidol tẹ̀lé e ní 1958, láti ọ̀dọ̀ Paul Janssen ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ilẹ̀ wa níbí, ilé tí ìjọba ṣí sí Yábàá ní 1907 jẹ́ ibi ìhámọ́ ju ibi ìwòsàn lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá dàgbà ní Èkó yóò rántí bí wọ́n ṣe ń fi "Yábàá Lẹ́fìtì" ṣe ẹlẹ́yà. Thomas Adéoyè Lambo ló yí nǹkan padà. Ọmọ Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta ni, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ bíi tiwa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró ní 1954, ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá wo iṣẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ohun tó ń mú ara àwọn aláìsàn náà balẹ̀, abúlé wo ni ìbá gbà wọ́n?

Iṣẹ́ tí oògùn náà ń ṣe kò ṣòro láti sọ. Àwọn ẹ̀yà tíntìntín inú ọpọlọ a máa fi èròjà ránṣẹ́ sí ara wọn, ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà sì ni dopamine. Nínú àìsàn yìí, ó máa ń pọ̀ jù ní apá kan ọpọlọ, ohun tí kò já mọ́ nǹkan yóò sì di ohun ńlá lójú aláìsàn: ẹni tó wúkọ́ nínú ọkọ̀, òun ló ń bá wí, iná mọ́tò tó kọjá, àmì ni. Oògùn náà ń dí ẹnu ọ̀nà tí dopamine ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n irú ẹnu ọ̀nà kan náà ni ọpọlọ ń lò láti darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí ọrùn fi ń le, tí itọ́ fi ń dà, tí ẹlòmíràn kò fi lè jókòó sójú kan. Àwọn oògùn tó dé lẹ́yìn, bí olanzapine, dín èyí kù, ṣùgbọ́n wọ́n a máa mú ni sanra, wọ́n sì lè fa àtọ̀gbẹ.

Ní ti ọpọlọ fúnra rẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orí WhatsApp yẹn kò purọ́ pátápátá. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, èyí gan-an ló sì mú kó léwu.

Ní 2011, Beng-Choon Ho, Nancy Andreasen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Aláìsàn 211 ni wọ́n tẹ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn wọn, fún ohun tó lé díẹ̀ ní ọdún méje ní ìpíndọ́gba, tí wọ́n ń ya àwòrán ọpọlọ wọn léraléra. Wọ́n rí i pé àwọn tó lo oògùn jù ni ara ọpọlọ wọn dín kù jù. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè yára dájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú sí ilé tó jóná. Ilé tí àwọn panápaná da omi sí jù lọ, òun náà ni ilé tí iná jó jù lọ. Bí àlejò bá dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó rí omi nílẹ̀ tó sì rí òrùlé tó wó, ó lè sọ pé omi ló wó òrùlé. Àwọn ará Iowa mọ èyí, wọ́n sì gbìyànjú láti fi ìṣirò yọ líle àìsàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, ìṣirò kò lè yanjú rẹ̀ tán.

Ẹ̀rí wà pé iná ti wà kí omi tó dé. Ní 1927, ní Jena ní Jámánì, Jacobi àti Winkler fa omi inú ọpọlọ àwọn aláìsàn, wọ́n fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀ kí X-ray lè fi ihò inú ọpọlọ hàn. Ìrora ńlá ni iṣẹ́ náà jẹ́ fún aláìsàn. Wọ́n rí i pé ihò náà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Largactil kò tíì dé ilé ayé nígbà náà. Ó ku ọdún 25. Ní 1976, Eve Johnstone, Tim Crow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Northwick Park ní Lọ́ńdọ̀nù rí irú nǹkan kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun.

Ṣùgbọ́n omi pẹ̀lú a máa ba ẹrù jẹ́. Ní 2005, ní Pittsburgh, wọ́n pín ọ̀bọ 18 sí ọ̀nà mẹ́ta: mẹ́fà gba haloperidol, mẹ́fà gba olanzapine, mẹ́fà yòókù gba ohun tí kò ní oògùn nínú, fún oṣù 17 sí 27. Ọpọlọ àwọn tó gba oògùn kéré ju ti àwọn yòókù lọ ní ìwọ̀n ìdá 8 sí 11 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀bọ kò ní àìsàn tí à ń sọ, nítorí náà a kò lè di ẹ̀bi èyí ru àìsàn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ẹ̀yà tíntìntín náà lábẹ́ awò, àwọn ẹ̀yà tó ń ran àwọn tó ń ronú lọ́wọ́ ló dín kù ní kedere. Ti àwọn tó ń ronú gan-an kò hàn bẹ́ẹ̀. Kí ọpọlọ súnkì àti kí ọpọlọ kú kì í ṣe ohun kan náà, ṣùgbọ́n a kò ní fi ìyẹn bo òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Ìwádìí tó ṣe wá láǹfààní jù lọ ni èyí tó jáde láti Kánádà àti Amẹ́ríkà ní 2019 àti 2020. Àwọn tí ìbànújẹ́ ọkàn ti gbé dé ibi tí wọ́n ti ń gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n tí ara wọn ti yá lórí olanzapine, ni wọ́n ṣẹ́ kèké fún: apá kan ń bá olanzapine lọ, wọ́n sì rọra fi hóró tí kò ní oògùn nínú rọ́pò ti apá kejì, fún ọ̀sẹ̀ 36. Gbogbo wọn ṣì ń lo oògùn ìbànújẹ́ ọkàn. Nínú àwọn tí ara wọn dúró dáadáa, awọ òde ọpọlọ àwọn tó ń lo olanzapine tín-ín-rín sí i. Ti àwọn tí kò lò ó kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí nìyí, láti ara ènìyàn, pé oògùn náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ òde ọpọlọ àwọn tí wọn kò lo oògùn, tí àìsàn sì padà dé bá, òun náà tín-ín-rín. Gbólóhùn kejì yìí kò sí nínú ọ̀rọ̀ WhatsApp. Àìsàn náà sì padà dé bá nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń bá olanzapine lọ, àti nǹkan bí 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn.

Stefan Leucht ní Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú ìwádìí 65 jọ ní 2012. Láàárín ọdún kan, àìsàn tún dìde lára 27 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo oògùn, àti 64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò lò ó. Ní Finland, níbi tí wọ́n ti tẹ̀lé àkọsílẹ̀ ènìyàn 66,881 fún ọdún 11, àwọn tó lo oògùn pẹ́ kò kú tó àwọn tí kò lò ó rárá. Ẹni tó bá ń wàásù pé oògùn náà ń pa ènìyàn díẹ̀díẹ̀ ní láti dáhùn ìyẹn.

A kò kọ èyí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́ wa, ìyá kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá wa ní ilé àlùfáà. Ọmọ náà ti gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán. Ohun tó ń dun ìyá ni pé ọwọ́ ọmọ ń gbọ̀n débi pé kò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni a sọ fún ọmọ náà pé kó fi oògùn sílẹ̀, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má baà ní ẹsẹ̀ méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ náà dúró. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́ níwájú wa, ẹ̀ẹ̀kan péré. A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa fúnra wa la dìde jẹ́rìí.

Ní oṣù kẹrin, ó jáde nílé lóru. Ọjọ́ mọ́kànlá ni a fi wá a. Nígbà tí a rí i, lẹ́bàá ọ̀nà mọ́tò ní ìlú mìíràn, kò mọ ìyá rẹ̀. Wọ́n dá a padà sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n oògùn tó ti ṣiṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gbà tó ọdún méjì kó tó lè máa gbé nílé, kò sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Ìgbà tí a dàgbà díẹ̀ sí i ni ó yé wa: ọwọ́ tó dúró, èyí tí a jẹ́rìí sí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìyanu, oògùn tó ń kúrò lára rẹ̀ ni. Wọ́n kọ́ wa ní Gíríìkì àti Hébérù ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà. Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní ìyẹn, àwa náà kò sì béèrè. Ìyá ọmọ náà kò bá wa jà. Ó ń pè wá ní "Bàbá" bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí sì dùn wá ju ìjà lọ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kú, ó sì ní òun ti dárí jì wá. Ọmọ náà kò lè sọ bóyá òun dárí jì wá.

Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan ń gba oògùn lọ́wọ́ aláìsàn nítorí pé "ó ń jẹ ọpọlọ", ara wa kì í gbà á. Ní 2019, Human Rights Watch kéde ohun tí wọ́n rí ní Nàìjíríà: àwọn aláìsàn ọpọlọ nínú ẹ̀wọ̀n, ní ilé àwọn adáhunṣe, ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí àti ní ti àwa Kristẹni pẹ̀lú. Ọkùnrin ará Gádárà tó ń gbé inú ibojì, àwọn ará ìlú ló fi ẹ̀wọ̀n dè é. Jésù kò dè é.

Àwọn kan yóò ní kí a padà sí ewé àwọn bàbá wa. A bọ̀wọ̀ fún ewé náà. Tipẹ́tipẹ́ kí Largactil tó dé ni àwọn adáhunṣe Yorùbá ti ń fi asofẹ́yẹjẹ mú ara aláìsàn ọpọlọ balẹ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àró, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Reserpine wà nínú gbòǹgbò igi náà, èyí tí àwọn dókítà òyìnbó náà lò fún àìsàn ọpọlọ àti fún ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ọdún 1950. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbọ́n dopamine inú ọpọlọ gbẹ. Òun náà lè mú ọwọ́ gbọ̀n, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí ẹni tó ń wọn èyí tó wà nínú ìgò àgbo. Ẹni tó bá sá fún hóró nítorí pé ó ń fọwọ́ kan ọpọlọ, tó wá di àgbo mú, ọ̀nà mìíràn ló gbà dé ilé kan náà.

A ní ẹjọ́ tí a fẹ́ bá àwọn dókítà rò pẹ̀lú. A ti tẹ̀lé ẹbí púpọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, a sì ti rí ibi tí ìwé nìkan ti ń gba ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, tí ìwọ̀n oògùn tí wọ́n kọ nígbà tí aláìsàn ń ya aṣọ mọ́ra rẹ̀ lára náà ni wọ́n ṣì ń kọ lẹ́yìn ọdún márùn-ún tó ti ń dá lọ sọ́jà. A mọ̀ pé èrò pọ̀, dókítà kò sì tó. Síbẹ̀, bí dókítà bá fi òtítọ́ pamọ́ nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí aláìsàn má sá, òtítọ́ náà yóò gba ẹnu ẹni tó fẹ́ lò ó fún ìbàjẹ́ jáde. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni láti mọ̀ pé oògùn tí òun ń gbé mì ní ohun tó ń ṣe sí ọpọlọ òun, kí ó sì béèrè ìwọ̀n tó kéré jù lọ tó lè gbé òun ró. Dídín in kù díẹ̀díẹ̀ lójú dókítà yàtọ̀ sí dídà á nù sínú ṣáláńgá ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ewu èkejì pọ̀ jù.

Kí ni èyí kan ilé-ẹ̀kọ́ wa? Láàárín ìparí ọdún kẹwàá-lé àti àwọn ọdún ogún-lé ni àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, igbó mímu sì máa ń fi kún ewu rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì àgbà lónìí ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ní gbogbo àpéjọ wa, a máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ara wa lábẹ́ àgọ́. A dábàá pé kí nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ máa jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹgbẹ́ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ tí a ó fi máa ra oògùn, láìpariwo, fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí agbára rẹ̀ kò bá ká a. Kí ẹ̀yin àlùfáà ẹlẹgbẹ́ wa má sì bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ní 2020, Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti Nàìjíríà àti Gánà, lórí aláìsàn tó lé ní 300 tó wà lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe àti àwọn wòlíì. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti wá bá àwọn olùtọ́jú wọ̀nyí ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti ibòmíràn lọ. Wọn kò lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí àdúrà.

Ẹlẹgbẹ́ wa kò da oògùn náà nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a bá òun àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, a sì jókòó lórí bẹ́ńṣì láti aago méje òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló béèrè. A kò mọ̀ pé ó ti ka ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé lóòótọ́ ni oògùn yìí ń mú kí ọpọlọ mi kéré sí i?" Dókítà náà gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ó ní bí àìsàn náà bá tún dìde, ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, àwọn lè yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú ìwọ̀n rẹ̀, kí àwọn sì wò ó fún oṣù mẹ́ta kí àwọn tó ṣe òmíràn, kí bàbá sì máa kọ bí ọmọ ṣe ń sùn sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹlẹgbẹ́ wa ra ìwé kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó ti kọ ojú ewé mọ́kànlélógún nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí olóòtú.